Bọ́tìnnì Ọwọ́ Òsì

Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ilé-iṣẹ́ wọn ń tà. Bí ọjà bá bà jẹ́, ẹni tó rà á á pe fóònù, yàrá tí Ẹ̀rọ̀ wà ni fóònù náà á sì dún sí. Wọn kì í pè tìfẹ́tìfẹ́. Ẹlòmíràn á ti máa bú ramúramù kó tó sọ orúkọ ara rẹ̀, ẹlòmíràn á ti ṣépè fún ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà àti ẹni tó gbé e wá. Bí irú wọn bá bọ́ sọ́wọ́ obìnrin yìí, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń tọrọ àforíjì. Bàbá kan pè lọ́jọ́ kan pé fíríìjì òun ń kọrin, orin náà kò sì dáa. Ẹ̀rọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá gbé fóònù sún mọ́ fíríìjì kí òun náà gbọ́, ó fara balẹ̀ tẹ́tí sí i, ó wá ní òótọ́ ni, orin náà kò dáa. Ẹ̀rín pa bàbá, ìjà sì parí.

Yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà gùn tóóró. Tábìlì tò lọ lápá ọ̀tún, ó tò lọ lápá òsì, kọ̀ǹpútà kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo òṣìṣẹ́ sì kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà àárín tí ọ̀gá ń gbà kọjá. Ẹni tó tò wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá kẹ́yìn sí ọ̀nà, ẹ̀rù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Iwájú fèrèsé gíláàsì kan ni tábìlì Ẹ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ògiri ilé kejì ló dí fèrèsé náà pa, kò sí ohun tí ènìyàn ń rí níbẹ̀ ju òjìji ara rẹ̀ lọ.

Òfin kan ló le jù níbẹ̀. Wíńdò kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ ṣí lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń kọ ẹ̀sùn oníbàárà sí. Ì báà jẹ́ wíńdò ìròyìn, ì báà jẹ́ ti eré, ì báà jẹ́ ti àwòrán ọmọ ẹni, ilé ni ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ ń lọ. Wọ́n lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan nítorí bọ́ọ̀lù. Wọ́n lé abiyamọ kan tó ń wo iye tí wọ́n ń ta bàtà ọmọ. Fóònù alágbèéká pàápàá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbà á láàárọ̀, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á tì í pa.

Ọ̀gá tó ń ṣọ́ wọn ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ kò pọ̀. Láyé ijọ́un, ẹsẹ̀ ológbò ló ní. Wọn kì í mọ ìgbà tó dé, àfi kí wọ́n rí i lẹ́yìn wọn. Àmọ́ nígbà tó yá, bàtà rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Irin ti wọ ìdí rẹ̀, táìlì sì ni ilẹ̀ yàrá náà, kò! kò! kò! láti ẹnu ọ̀nà títí dé igun. Àwọn òṣìṣẹ́ yọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sọ ọ́ ní Oníbàtà, wọ́n ní bí olè bá wọ irú bàtà yẹn, ebi ni yóò pa á. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí ẹni tó ń ṣọ́ ènìyàn fi kan agogo mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwa ẹ̀dá, ohun tó bá ti rọ̀ wá lọ́rùn, a kì í wádìí rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀rọ̀ nìkan ló tọ́ ọ dàgbà, aṣọ fífọ̀ ló sì fi tọ́ ọ. Aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn ló ń fi ọwọ́ fọ̀, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó tí kò mọ omi gbígbóná mọ́. Ọjọ́ tí Ẹ̀rọ̀ ríṣẹ́ tó wálé wá sọ ohun tí wọ́n ń tà, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun náà ni ọmọ òun fẹ́ lọ máa bá tọrọ àforíjì. Ẹ̀rọ̀ ti ní ọkọ rí. Ọkọ náà wáṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, ó rí iṣẹ́, kò wá rí ọ̀nà ilé mọ́. Bó ṣe ku ìyá àti ọmọ nìyẹn nínú ilé oníyàrá méjì, wọ́n ń bára wọn jà, wọ́n ń bára wọn rẹ́rìn-ín, èkejì kì í jẹun bí ìkíní ò bá tíì dé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni rọpárọsẹ̀ mú ìyá. Apá òsì kú, ẹsẹ̀ òsì kú, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, Ẹ̀rọ̀ kò sì ráhùn. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé ìyá náà kò gbà pé òun ò lè dìde mọ́. Ẹni tó ti ń dúró ti bàsíà aṣọ láti ìgbà èwe, wọ́n wá ní kó jókòó sójú kan bí ẹrù. Bí ọmọ bá ti ṣíjú kúrò lára rẹ̀ báyìí, á ní òun ń lọ fọ abọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣubú, dókítà ní bí eegun ìbàdí rẹ̀ bá fi lè ṣẹ́, kò ní jinná mọ́. Ẹ̀rọ̀ ra fóòmù, ó tẹ́ ẹ ká gbogbo ilẹ̀ yàrá náà láti ògiri dé ògiri. Ìyá wo fóòmù, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀dì ti wá bímọ ni.

Owó oṣù Ẹ̀rọ̀ tó oògùn, ó sì tó owó ilé. Kò tó láti fi gba ẹni tí yóò jókòó ti ìyá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, òun náà bá ra kámẹ́rà kékeré kan, ó kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn, ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà rẹ̀ lè jókòó síbikíbi kó máa rí yàrá náà lójú kọ̀ǹpútà. Ó wá fún Ìyá Télọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni obìnrin náà ti ń ránṣọ. Àdéhùn wọn ni pé bí Ẹ̀rọ̀ bá rí ohun tí kò dáa, á fi fóònù iṣẹ́ pè é, òun á sì sáré wọlé. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kan, ìyá ń yọ̀ bọ́ lórí àga. Ìgbà kejì, ó ti na ọwọ́ dé ìdí sítóòfù. Ìgbà méjèèjì ni Ìyá Télọ̀ sáré dé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, tó bú ìyá dáadáa, tó sì gbé e jókòó padà.

Wíńdò ìyá ló wá di ẹ̀ṣẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà Ẹ̀rọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe, tí wọ́n ń pè ní Wáyà, ló bá a wá ọgbọ́n sí i. Ó fi áàpù kékeré kan sí i lọ́jọ́ tó wá yẹ ẹ̀rọ wò, ó sì fi bọ́tìnnì kan hàn án ní igun òkè kíbọ́ọ̀dù, lápá òsì.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ ibí yìí, wíńdò yẹn á pòórá. Kò ní sí lójú, kò ní sí nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ náà á dákẹ́. Bí ẹ bá tún un tẹ̀, á padà wá. Ẹ má kàn rò pé ó ti kú o. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣì ń ṣẹlẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ ò rí i.”

Ẹ̀rọ̀ dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ilé. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ ti ń bá a jókòó níbi iṣẹ́, nínú wíńdò tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ní igun ìsàlẹ̀. Á máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀, á máa wo ìyá rẹ̀ tó ń tòògbé. Ìyá náà mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Bó bá jí, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí kámẹ́rà. Bí inú bá ń bí i, á yọ ahọ́n sí i. Bí bàtà bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, Ẹ̀rọ̀ á tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà á mọ́ tónítóní, Oníbàtà á kọjá, ìyá á padà. Nígbà tó pẹ́, kò nílò láti rò ó mọ́. Etí á gbọ́, ìka á tẹ̀, orí kò sì ní dá sí i rárá. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń yìn ín pé kò sí ẹni tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn àgbà ọ̀gá láti olú ilé-iṣẹ́ wá. Ẹ̀rọ̀ mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, kò kà á sí. Obìnrin kan wà lórí fóònù tí ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ da omi sí gbogbo ilé, Ẹ̀rọ̀ ń rọ̀ ọ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ sì wà ní igun ìsàlẹ̀. Ìyá ti jí. Kò gbé ọwọ́ sókè. Ó sún ìdí síwájú, ó sún un síwájú sí i, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé fóòmù, ó di apá àga mú. Ó bẹ obìnrin olómi pé kó dúró díẹ̀, ó sì na ìka láti pe nọ́ńbà Ìyá Télọ̀.

Kò! kò! kò!

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti tẹ bọ́tìnnì kó tó mọ̀. Ìyá pòórá. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ẹni mẹ́rin ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, Oníbàtà ló ṣíwájú wọn.

Oníbàtà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọjọ́ náà ló rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tí òun sọ fún wọn nìyí. Ó ní kí wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bó ti mọ́. Ó ní kí Ẹ̀rọ̀ gbé ohùn obìnrin olómi síta kí gbogbo wọn gbọ́ bó ṣe ń tu ènìyàn lójú. Ẹ̀rọ̀ gbé e síta. Ó ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ń dùn, òógùn sì ń ṣàn sísàlẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ń sọ lọ́kàn pé wọn kò ní pẹ́. Ó ń sọ lọ́kàn pé ìyá ti lè padà jókòó. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Gbogbo ohun tó yẹ kó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ, pé ìyá òun ń ṣubú, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọ́n á bi í bó ṣe mọ̀. Bí wọ́n bá bi í, iṣẹ́ lọ. Bí iṣẹ́ bá lọ, oògùn lọ. Ó ń dá a rò, ó ń dà á nù, àkókò ò sì dúró dè é.

Ó gbìyànjú. Ó yíjú sí wọn, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́…”

Obìnrin tó wà láàárín àwọn àgbà ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó má tijú, wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ ẹyọ kan sí i ni. Oníbàtà náà mi orí sí i, bí ẹni ń sọ pé fara dà á. Fóònù mìíràn dún. Ẹ̀rọ̀ gbé e. Ẹnu tó ń pẹ̀tù sí ìbínú gbogbo ayé, ọjọ́ náà kò rí gbólóhùn kan sọ fún ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí ìró bàtà jìnnà, ó tẹ bọ́tìnnì. Yàrá padà wá, ohùn rẹ̀ náà padà. Kò sí ènìyàn lórí àga. Nísàlẹ̀ àwòrán náà ló rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó da ojú bolẹ̀ nínú fóòmù, apá tó kú wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó yè nà síwájú. Kò mira. Ohun tó ń gbọ́ nínú wíńdò náà kò ju ìró ẹ̀rọ ìránṣọ láti ẹ̀yìn ògiri lọ, tó ń lọ geregere. Fóòmù tó rà kí eegun má baà ṣẹ́ ti gba ariwo ìṣubú náà mì. Ìyá Télọ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó pè é. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó rí i nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Ìyá Télọ̀ wọlé, tó kúnlẹ̀, tó yí ìyá padà, tó mi ejìká rẹ̀, tó fi etí lé àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà jókòó sórí fóòmù, ó gbójú sókè wo kámẹ́rà, ó sì ká ọwọ́ lérí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ̀rọ̀ ké. Igbe náà jáde lọ́nà tí gbogbo yàrá fi dákẹ́. Oníbàtà gbọ́ ọ ní ìta, ó sáré padà, kò kò kò kò. Ọwọ́ òsì Ẹ̀rọ̀ sì tẹ bọ́tìnnì. Òkú ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó tún fi í pamọ́.

Wọ́n sin ìyá. Dókítà ti sọ pé kò sí eegun kankan tó ṣẹ́. Ó ní èémí ló sé mọ́ ọn nínú fóòmù, kò rí ara yí, ká ní wọ́n tètè yí i padà ni, ì bá yè. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ojú ọjọ́, ó sì lọ wo ẹlòmíràn.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ wá, wọ́n jókòó, wọ́n lọ. Oníbàtà nìkan ló dá wá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ọmọ-ìka ti yọ jáde níbẹ̀, ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, kì í ṣe àga ìyá.

Ó ní, “Mo mọ̀.”

Ẹ̀rọ̀ bi í pé kí ló mọ̀.

“Mo mọ̀ nípa Màmá. Ìgbà tí bàtà mi ò tíì máa dún, mo dúró lẹ́yìn ẹ, o ò gbọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn, wọ́n ń yọ ahọ́n. Kò pẹ́ tó o bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n ni mo rí wọn. Èmi náà ní ìyá.” Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Mo lọ bá ṣọbàtà, mo ní kó kan irin mọ́ ìdí bàtà mi. Kó o lè máa gbọ́ mi.”

Ẹ̀rọ̀ yíjú wo bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Tí mo bá sọ pé mo rí ẹ, dandan ni kí n lé ẹ. Mo wá ní kí n má rí ẹ. Àwọn tó wá lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó máa máa ti ilé ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Èmi ni mo ní kí wọ́n wá gbọ́ ohùn ẹ, kó o lè máa jókòó ti Màmá. Ìdí tá a fi pẹ́ lẹ́yìn ẹ nìyẹn. Wọ́n sì ti mú ẹ.”

Nílé kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ.

Ẹ̀rọ̀ wá sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ náà ló fi sọ ọ́, pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ta ni kí n wá jókòó tì báyìí?”

Àìlèsọ̀rọ̀ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ orí burúkú. Ti àwọn méjì yìí ló burú jù lójú mi, nítorí àánú ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọkùnrin náà ṣàánú rẹ̀, ó fi àánú náà pamọ́. Obìnrin náà fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ó fi ìyá pamọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń dá ààbò bò ló sì kú sí àárín wọn. Inú ń bí mi sí wọn, n kò sì mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ bá wí.

Ẹ̀rọ̀ kò gbà láti máa ti ilé ṣiṣẹ́. Ó padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ ajé kan, ó fi fóònù rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, ó jókòó síwájú fèrèsé gíláàsì rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ti tàn, wíńdò ìyá ṣí fúnra rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Àga wà níbẹ̀. Fóòmù wà níbẹ̀, Ẹ̀rọ̀ kò tíì ní ọkàn láti ká a. Oòrùn àárọ̀ wọlé dé apá àga níbi tí ìyá máa ń dì mú. Ó ń wò ó. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, ó sì ń rí gbogbo rẹ̀ dáadáa.

Kò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí Oníbàtà nínú gíláàsì, ó ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà wo, kò mọ̀. Ó ti yọ irin ìdí bàtà rẹ̀ kúrò. Ìka ọwọ́ òsì Ẹ̀rọ̀ gbéra lọ sí igun òkè. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, ó dì í mú sórí tábìlì, ó jẹ́ kí wíńdò náà ṣí sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ wo àga òfìfo náà. Oníbàtà yí padà, ó lọ, ilẹ̀ kò dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Fóònù dún. Ọkùnrin kan ni, ó ti ń pariwo kó tó sọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀rọ̀ ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú. Mo ń gbọ́ yín.”